Lílé Ìjì àti Yíya Àwòrán Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìfáàrà

Ní àkókò òjò àkọ́rọ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, bí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà a máa sáré ká aṣọ tí wọ́n sá, wọn a máa kó gbágùúdá tí wọ́n sá sórí àpáta, wọn a sì máa ti fèrèsé. Àwọn ọmọdé ní tiwọn a máa gbá jáde lọ sí ìdí igi máńgòrò, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìjì kò ní í jà kí ó má já èso sílẹ̀. Àgbà ń sá fún ìjì, ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń ṣe bí àwọn ọmọdé wa yìí. Wọ́n á wa mọ́tò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà láti lọ pàdé ìjì, wọ́n á sì ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ àfipawọ́ ni fún púpọ̀ nínú wọn, bí ẹlòmíràn ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ó ń ta ayò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé wèrè ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn iṣẹ́ náà dáadáa, a ó rí i pé ìmọ̀ ni ó gbé e ró, àìnímọ̀ ni ó sì ń pa ẹni tí ó bá ṣe é ní ìṣekúṣe.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún oríṣiríṣi afẹ́fẹ́. A ó wo bí lílé ìjì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti irú ìjì tí ó ń jà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ohun tí olùkọ́ lè mú nínú rẹ̀ lọ sí kíláàsì. Kókó tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìjì tiwa kì í ṣe èyí tí à ń lé. Èyí tí à ń ṣọ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yóò fi ara rẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu.

Afẹ́fẹ́, Ẹ̀fúùfù, Ìjì àti Ààjà

Èdè Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ ni orúkọ tí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Atẹ́gùn ni èyí tí ó tutù, tí ó ń tu ni lára. Ẹ̀fúùfù ni èyí tí ó ní agbára, tí í darí igbó síbi tí ó wù ú gẹ́gẹ́ bí òwe ṣe sọ. Ọyẹ́ ni èyí tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí í mú kí ètè gbẹ. Ìjì ni èyí tí ń bá òjò rìn, tí ó sábà máa ń ṣáájú òjò dé, tí í wó igi, tí í ṣí òrùlé.

Ààjà ní tirẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ń yí po. A máa ń rí i ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín; yóò gbé eruku àti ewé gbígbẹ, yóò máa yí wọn lọ sókè bí òòyì. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé ààjà a máa gbé ènìyàn wọ inú igbó lọ, ẹni bẹ́ẹ̀ a sì fi ìmọ̀ egbòogi bọ̀. Àlàyé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ó gbóná ni í mú kí afẹ́fẹ́ fò sókè, tí ó sì ń yí bí ó ti ń fò. Kò nílò ìkùukùu rárá; ilẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní tọ̀nédò jọ ààjà ní ti pé ó ń yí po, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Inú ìkùukùu òjò ńlá ni tọ̀nédò ti ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọwọ́jà erin, títí yóò fi kan ilẹ̀. Èyí tí ó bá le jù lọ nínú wọn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè sáré ju 320 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ilé alágbára kò ní í lè dúró níwájú rẹ̀.

Ìdàrúdàpọ̀ kan wà níbí tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà "tornado" ti wà lẹ́nu àwọn atukọ̀ òyìnbó ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ìgbà pípẹ́. Ìjì òjò tiwa gan-an ni wọ́n fi ń pè. Mary Kingsley, tí ìwé rẹ̀, Travels in West Africa, jáde ní ọdún 1897, lò ó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ka ìwé àtijọ́ tí ó ní "tornado" jà ní ilẹ̀ wa, kí a má ṣe rò pé ọwọ́jà tí ń yí po ni òǹkọ̀wé rí. Ìjì ni ó rí. Yorùbá ti ya ìjì sọ́tọ̀ kúrò lára ààjà. Kí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè náà má tún wá pa wọ́n pọ̀.

Bí Lílé Ìjì Ṣe Di Iṣẹ́ Àfipawọ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ya àwòrán tọ̀nédò. Ní ọdún 1884 ni wọ́n ya ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò wá a lọ. Ìjì ni ó bá a nílé. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀ ni Roger Jensen, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1953, àti David Hoadley, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956 ní ìlú Bismarck ní North Dakota. Hoadley yìí kan náà ni ó dá ìwé ìròyìn Storm Track sílẹ̀ ní ọdún 1977, kí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àfipawọ́ yìí lè máa gbọ́ ìròyìn ara wọn.

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi bá wọn dá sí i. Ní ọdún 1972, Yunifásítì Oklahoma àti ibùdó ìwádìí ìjì tí ìjọba Amẹ́ríkà ní ní Norman bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ pàdé tọ̀nédò pẹ̀lú kámẹ́rà. Ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 1973, tọ̀nédò kan jà ní Union City. Àwọn tí ń lé e ya àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ rádà sì ń wo inú ìkùukùu náà ní àkókò kan náà. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán wé ohun tí rádà rí, wọ́n rí i pé ìkùukùu ti ń yí nínú kí ọwọ́jà tó kan ilẹ̀. Ìmọ̀ yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n lè máa kìlọ̀ fún ará ìlú kí tọ̀nédò tó dé. Lẹ́yìn tí fíìmù Twister jáde ní ọdún 1996, iye àwọn tí ń lé ìjì pọ̀ sí i, títí tí àwọn kan fi ń gba owó láti kó àlejò lọ wò ó.

Kí ni ó mú kí lílé ìjì ṣeé ṣe fún wọn? Ìkùukùu tí í bí tọ̀nédò ńlá sábà máa ń dá wà ni. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ tí ojú fi ń ríran jìnnà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dáadáa lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí òjò kò dé, kí ó máa wò ó bí ẹni ń wo erin láti òkèèrè, pẹ̀lú mọ́tò tí ó ti kọjú sí ọ̀nà tí yóò gbà sá lọ.

Síbẹ̀, ìmọ̀ náà ní ààlà. Tim Samaras jẹ́ ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ sí oníṣọ̀ọ́ra. Ní ọdún 2003, ó gbé ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà tọ̀nédò kan ní Manchester, South Dakota, tọ̀nédò náà sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2013, tọ̀nédò jà nítòsí El Reno ní Oklahoma. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 4.2, ó sì yí ọ̀nà padà lójijì. Samaras, ọmọ rẹ̀ Paul, àti Carl Young, alábàáṣiṣẹ́ wọn, kú nínú ìjì náà. Bí ọ̀gá ìjì bá lè báyìí ṣubú, kí ni a ó sọ nípa ọ̀gbẹ̀rì?

Ìjì tí Ń Jà ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ìlú méje ni a mọ̀ mọ Ìbàràpá: Ìgbò-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan. Ilẹ̀ ọ̀dàn tí igbó rẹ̀ kò dí ni, àpáta àti òkè sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí ibi gíga ní Èrúwà lè rí ìkùukùu láti òkèèrè.

Ìjì tiwa kì í sábà dá wà bí ti Amẹ́ríkà. Ńṣe ni ìkùukùu òjò máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ogun, tí ìlà wọn lè gùn tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà láti àríwá dé gúúsù. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni gbogbo ìlà náà ń rìn. Ní ọdún 1945, R. A. Hamilton àti J. W. Archbold gbé àlàyé kalẹ̀ lórí irú ìjì yìí nínú iṣẹ́ wọn lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà àti agbègbè rẹ̀. Ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ gbé rádà lọ sí Korhogo ní Ivory Coast láti wo inú rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Afẹ́fẹ́ tí ó kún fún omi ń ti òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń rìn sún mọ́ ilẹ̀. Lókè rẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan wà tí ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ooru ọ̀sán bá gbé afẹ́fẹ́ olómi náà sókè, ìkùukùu yóò ga ju kìlómítà 12 lọ, òjò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú rẹ̀. Bí òjò náà ti ń kọjá nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò gbẹ kí ó tó dé ilẹ̀, èyí yóò sì mú kí afẹ́fẹ́ náà tutù. Ohun tí ó bá tutù a máa wúwo. Afẹ́fẹ́ tútù yìí yóò já lulẹ̀, yóò sì sáré síwájú òjò bí omi tí a dà sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ni ìjì tí à ń rí. Bí ó ti ń sáré lọ, ó ń gbé afẹ́fẹ́ olómi mìíràn sókè níwájú rẹ̀, ìkùukùu tuntun sì ń yọ. Báyìí ni ìlà náà ṣe ń rìn láìdáwọ́ dúró.

Èyí ni ó fà á tí ìjì fi ń ṣáájú òjò. Àwọn baba wa ti kíyè sí i. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, Ọya tí í ṣe ìjì ni ó máa ń ṣíwájú Ṣàngó ọkọ rẹ̀. Onímọ̀ ojú ọjọ́ yóò sọ nípa afẹ́fẹ́ tútù, onísẹ̀ṣe yóò sọ nípa Ọya, ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kò yàtọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì: afẹ́fẹ́ dá kẹ́, ilẹ̀ ṣókùnkùn, ìjì jà, òjò dé. Èdè wa tún fún wa ní àkókò rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò ni ìjì ń bá rìn jù lọ, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìgbà òjò. Láàárín méjèèjì, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí ń pẹ́ wọ́pọ̀ ju ìjì lọ.

Nítorí pé ìlà gígùn ni ìjì wa, kò sí ẹ̀gbẹ́ tí ènìyàn lè sá sí. Ẹni tí ó bá gun alùpùpù láti lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn yóò bọ́ sínú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣeé lé ṣeé ṣọ́. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rin nǹkan bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti Ìbàdàn dé Èrúwà jẹ́ bíi kìlómítà 55 ní ọ̀nà tààrà, láti Èrúwà dé Ìgbò-Ọrà kò sì tó 20. Nítorí náà, bí ìjì bá ń jà ní Ìbàdàn ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó lè dé Èrúwà ní nǹkan bí aago mẹ́rin, kí ó sì dé Ìgbò-Ọrà lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú sí i. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò dé, nítorí òmíràn a máa kú sójú ọ̀nà, òmíràn a sì máa yọ lójijì. Síbẹ̀, ìpè fóònù kan láti Ìbàdàn lè fún olùkọ́ ní àkókò tí ó tó láti kó ọmọ wọlé.

Igi tí Ó Wó Kì í Purọ́

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ lẹ́yìn ìjì bóyá ìjì lásán ni ó jà tàbí èyí tí ń yí po? Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Tetsuya Fujita, ni ó kọ́ ayé ní ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1945, ó wo bí bọ́ǹbù átọ́míìkì ṣe ba nǹkan jẹ́ ní Nagasaki àti Hiroshima, ó sì kíyè sí ìhà tí àwọn igi ṣubú sí. Nígbà tí ó dé Yunifásítì Chicago, ó lo irú ojú bẹ́ẹ̀ fún ìjì. Tọ̀nédò jà ní Fargo ní ọdún 1957, Fujita sì gba àwòrán tí ó lé ní 100 lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tí wọ́n yà á. Ó wá ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí, ó sì fi gbogbo rẹ̀ tún ìrìn ìjì náà tò ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Àwòrán tí ará ìlú lásán yà ni ó di ìmọ̀. Òun náà ni ó gbé òṣùwọ̀n agbára tọ̀nédò kalẹ̀ ní ọdún 1971; èyí tí wọ́n tún ṣe ni Amẹ́ríkà ń lò láti ọdún 2007.

Lẹ́yìn ọ̀wọ́ tọ̀nédò ńlá tí ó jà ní oṣù kẹrin, ọdún 1974, Fujita wo ilẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ní ibòmíràn, igi dùbúlẹ̀ bí òòyì. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n fọ́n ká láti ojú kan bí ìtànṣán oòrùn. Ó sọ pé ti kejì yìí kì í ṣe tọ̀nédò. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó já lulẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ni kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1975, ọkọ̀ òfuurufú kan já ní New York, ènìyàn tí ó lé ní 110 sì kú. Fujita fi hàn pé irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nàìjíríà náà kò ṣàì mọ ìrora kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra nínú ojú ọjọ́ burúkú. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 2006, ọkọ̀ ADC já ní Àbújá lẹ́yìn tí ó gbéra tán nígbà tí ìjì ń jà. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tí ó lé ní 90 tí wọ́n kú.

Ọgbọ́n Fujita kò nílò ọkọ̀ òfuurufú ní Ìbàràpá. Oko àgbàdo tó. Bí àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi bá dùbúlẹ̀ sí ìhà kan náà, tàbí tí wọ́n fọ́n ká láti ojú kan, ìjì ni. Bí wọ́n bá dábùú ara wọn ní ojú ọ̀nà tóóró kan, tí ti ọ̀tún ṣubú sí òsì tí ti òsì sì ṣubú sí ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí ń yí po, èyí tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Yíya Àwòrán Ìjì

Àwòrán ìjì tí kò ní ọjọ́, aago, ibi tí a dúró sí àti ìhà tí a kọjú sí, ẹwà nìkan ni ó ní. Bí a bá kọ mẹ́rin yìí tì í, ó di ẹ̀rí. Ohun tí ó yẹ kí a yà ni bèbè ìkùukùu dúdú tí ń ga bọ̀ láti ìlà-oòrùn, kí ilẹ̀ àti igi tàbí ilé tí a mọ̀ gíga rẹ̀ wà nínú àwòrán. Bí ó bá jẹ́ mànàmáná ní alẹ́, kí a gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú ilé lẹ́bàá fèrèsé, kí a jẹ́ kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ọgbọ̀n. Mànàmáná ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀.

Àwọn èèwọ̀ iṣẹ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí a lè fojú rénà nínú wọn. Bí a bá ti lè gbọ́ àrá, mànàmáná lè dé ọ̀dọ̀ wa. Kí a wọlé. Bí a bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín mànàmáná àti àrá, kìlómítà kan péré ni ó jìnnà sí wa. Kí a má ṣe dúró sórí àpáta, lábẹ́ igi, tàbí nítòsí wáyà iná. Kí a má ṣe jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Ẹni tí Ṣàngó bá tojú rẹ̀ wọlẹ̀ kò ní í bá wọn bú ọba Kòso; ẹni tí ìjì bá sì ti ṣí òrùlé rẹ̀ rí kò ní í dúró sábẹ́ páànù tí ń mì láti ya fọ́tò.

Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ìgbà àkọ́rọ̀ ní ohun èlò ìkọ́ni tí kò ní í fi kọ́bọ̀ rà. Ní kíláàsì èdè, kí àwọn ọmọ to àwọn ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ jọ, kí wọ́n sì sọ ìyàtọ̀ wọn. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé irú àmì tí wọ́n fi ń mọ ìjì kí ó tó dé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi wé ohun tí wọ́n fúnra wọn rí. Kí kíláàsì ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́, aago tí ojú ọ̀run ṣú, aago tí ìjì dé, aago tí òjò bẹ̀rẹ̀, àti ìhà tí igi ṣubú sí. Láàárín sáà kan, wọn yóò rí i fúnra wọn pé láti ìlà-oòrùn ni ìjì sábà ń wá. Wọn yóò tún rí bí àkókò ṣe kéré tó láàárín ìgbà tí afẹ́fẹ́ dá kẹ́ àti ìgbà tí ìjì jà.

Àkókò kékeré yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń dúró kí òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pe ọmọ wọlé, bẹ́ẹ̀ ìjì tí ń wó igi ti kọjá nígbà náà. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá ṣú tí ewé kò sì mì ni ó yẹ kí a pè wọ́n, kí a sì kó wọn sí ilé tí òrùlé rẹ̀ dúró jù lọ, jìnnà sí fèrèsé.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé lílé ìjì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àfipawọ́, ó sì di ìmọ̀ nítorí pé àwọn kan wò ó dáadáa, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. A ti rí i pẹ̀lú pé ìjì ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìrìn tirẹ̀, àti pé èdè wa ti ní orúkọ fún un àti fún àkókò rẹ̀. Òwe wa sọ pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ìjì náà kò mọ olùyàwòrán yàtọ̀ sí ọmọ tí ń ṣa máńgòrò. Olùkọ́ tí ó bá mọ ìrìn rẹ̀ ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pe ọmọ wọlé. Máńgòrò tí ìjì já kò ní í sá lọ. Nígbà tí àrá bá dákẹ́ tán, ìdí igi ni wọn yóò ti bá a.